Àwọn Sẹ́ẹ̀lì Tí Aláàánú Fún Lóúnjẹ

Mo mọ iṣẹ́ mi. Mo máa ń tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà retí pé màá ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ní láàbù wa, bí sẹ́ẹ̀lì ẹnìkan bá ń kú láìnídìí, èmi ni wọ́n ń pè. Bí ẹ̀rọ kan bá ya aláìgbọràn, èmi náà ni. Ọ̀gá wa pàápàá, tí a sọ ní Ẹ̀rí-Dà nítorí pé bí o bá wọlé tí o ní òjò ń rọ̀ níta, á bi ọ́ pé ẹ̀rí dà, ti sọ níwájú àwọn àlejò rí pé ọwọ́ mi kì í ṣèké. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ kó tó sọ ọ́.

Jẹjẹrẹ ọmú ni mò ń wádìí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o, ẹnìkan ò lè dá a ṣe. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ni tèmi. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn ilẹ̀kùn lára. Bí ara bá fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kan dàgbà, kó sì pín sí méjì, á ránṣẹ́ sí i. Iṣẹ́ náà á kan ilẹ̀kùn, ìránṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn á gbà á, á fi lé èkejì lọ́wọ́, èkejì á fi lé ẹ̀kẹta lọ́wọ́, títí á fi dé yàrá inú lọ́hùn-ún níbi tí àṣẹ ti ń jáde. Nínú ara tó dá, ìránṣẹ́ tó bá ti jíṣẹ́ tán á jókòó. Nínú irú jẹjẹrẹ tí mò ń wò, ìránṣẹ́ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ò mọ ìjókòó. Ẹnikẹ́ni ò rán an, ó ṣáà ń jíṣẹ́ kiri, sẹ́ẹ̀lì sì ń pọ̀ sí i. Irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú mọ̀lẹ́bí gbogbo, ẹ mọ tiyín.

Oògùn tuntun kan wà tó ń di ìránṣẹ́ yìí lápá mú. Iṣẹ́ wa ni láti fi hàn pé lóòótọ́ ló dì í mú. Bí iṣẹ́ bá ń kọjá nínú sẹ́ẹ̀lì, fọ́tò tí a ń yà máa ń gbé ilà dúdú kan jáde. Bí iṣẹ́ bá dúró, ilà náà á pòórá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilà sì pòórá. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù. Bí ẹ̀ẹ̀kẹrin bá bá ti ìṣáájú mu, ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì títì máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú àwọn obìnrin tí apá oògùn àtijọ́ ò ká jẹjẹrẹ wọn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn obìnrin náà. Èmi kọ́ ni mo fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà rẹ̀ ni, kò sì tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wá. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Ìyá wa kú nígbà tí mo ṣì ń wọ bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ilé ìwé sílẹ̀, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán kọ́tìnì títí mo fi di ẹni tí wọ́n ń pè ní dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí. Oògùn àtijọ́ de jẹjẹrẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kókó kan yọ sí abíyá rẹ̀, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó sì ń dàgbà. Ohun tí mò ń retí lára ilà dúdú kan nìyẹn: kó pòórá lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí oògùn gbà.

Ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ ààwẹ̀. Inú abọ́ ike pẹlẹbẹ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wa ń gbé, nínú àpótí olóoru kan tó ń kùn bí fíríìjì. Omi pupa kan ni oúnjẹ wọn, tí a pò mọ́ omi inú ẹ̀jẹ̀ màlúù. Oríṣiríṣi iṣẹ́ ló wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ yẹn. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń jẹ ẹ́ ń gbọ́ ohùn tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, o ò sì ní mọ èyí tó ń dá lóhùn. Nítorí náà, kí a tó dán oògùn wò, a máa ń gba omi ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu wọn, a ó fi wọ́n sínú omi lásán tó kàn máa dá ẹ̀mí wọn sí, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ààwẹ̀ là ń pè é. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ebi la fi ń pa wọ́n kí ọ̀rọ̀ lè wọ̀ wọ́n létí. Bí gbogbo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè ìdí.

Aláàánú ni alábàáṣiṣẹ́ mi tí tábìlì rẹ̀ kan tèmi. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì tóbi tó èèyàn méjì. Ìyàwó rẹ̀ ní bí eṣinṣin bá bà lé tábìlì àwọn, ọkọ òun máa bá a wá àga. Àṣà wa ní láàbù ni pé ẹni tó bá wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè ló ń bá gbogbo ilé tọ́jú sẹ́ẹ̀lì, kí àwọn yòókù lè sinmi, Aláàánú ló sì sábà máa ń wá. Bó bá ti rí abọ́ tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ rù, kò lè fojú fò ó. Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ ni sípíríìtì. Kò sí ohun tó máa fọwọ́ kàn tí kò ní fín sípíríìtì sí kó sì nù ún, nítorí kòkòrò, títí yàrá á fi máa rùn bí wọ́ọ̀dù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn, kí n tó lọ sílé, mo fi máákà kọ ÀÀWẸ̀ gàdàgbà-gadagba sórí ìdérí àwọn abọ́ mi. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé máákà àti sípíríìtì kì í gbé inú ilé kan náà.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo rí i pé ohun tí mo kọ ti parẹ́ lórí ìdérí. Mo rò pé wọ́n kàn nù ún ni. Mo tún un kọ, mo kán oògùn sínú abọ́, mo ń kọrin jẹ́jẹ́. Fọ́tò jáde lọ́jọ́ kejì. Ilà náà dúró síbẹ̀, ó dúdú, ó nípọn, kò ṣe bí ẹni pé oògùn kankan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí.

Ẹ̀rù ò bà mí. Inú ló bí mi. Mo yẹ ìgò oògùn wò, kò bàjẹ́. Mo yẹ ẹ̀rọ wò. Mo ti ń wá ẹni tí màá bá jà nígbà tí Aláàánú dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì rẹ̀, torí a kì í gbé tíì wọlé.

“Àǹtí, mo bá yín fún àwọn ọmọ yẹn lóúnjẹ ní Sọ́ńdè o,” ó ní. “Ojú wọn ti jìn. Wọ́n ṣe mí láàánú.”

Mo wò ó. Mo wo ìdérí abọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní igún ṣe oore, ó pá lórí, kí òun náà fọwọ́ kan orí rẹ̀ wò bóyá irun ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó yé e tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó ń bẹ̀ mí bí ẹni tó tẹ ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀. Mo ní kó dákẹ́. Ara ti tù mí. Abọ́ tó jẹun kì í ṣe ẹ̀rí, gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ló gbà bẹ́ẹ̀. Mo lọ sọ fún Ẹ̀rí-Dà, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dà á nù kí n tún un ṣe, òun máa bá ilé ìwòsàn sọ ọ́ pé kí wọ́n fún wa láyè díẹ̀ sí i. Mo fi òmíràn sí ààwẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo lẹ bébà mọ́ ìdérí, mo sì fi téèpù yí i ká.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ní ilé rẹ̀, èèyàn ò lè jókòó láìkọ́kọ́ kó kọ́tìnì kúrò lórí àga. Ó ti kó aṣọ kọ́tìnì ìdílé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun jọ sórí tábìlì, ó wá wá àyè kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún búrẹ́dì, ẹyin díndín àti tíì. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn oúnjẹ, kò fi bò rí, jẹjẹrẹ ò sì gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń bi mí nípa oògùn: ṣé abẹ́rẹ́ ni àbí oníhóró, ṣé irun òun tún máa re, ṣé àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wá iṣan àbí wọ́n kàn máa fi apá òun kọ́ṣẹ́ ni.

“Ṣé wọn ò ní ní kí n gbààwẹ̀ kí oògùn yín tó ṣiṣẹ́ ṣá?” ó bi mí. “Tètè sọ fún mi o, kí n jẹun sílẹ̀.”

Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Mo la ẹnu láti sọ pé rárá, ẹ jẹun bó ṣe wù yín, ojú mi sì bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Ó ń fi búrẹ́dì nu àwo ẹyin. Oúnjẹ yẹn ń lọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ síbi kókó abíyá, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tí ara ń rán kiri nígbà tí èèyàn bá jẹun. Kò sí obìnrin kan láyé tí sẹ́ẹ̀lì ọmú rẹ̀ ń gbé nínú omi lásán. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí ilà pòórá, lára àwọn tí ebi ń pa ló ti pòórá. Nínú gbogbo abọ́ tí mo ti fọwọ́ kàn láti ìgbà tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí Aláàánú fún lóúnjẹ nìkan ló jọ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi sì ti dà wọ́n nù.

Ó ní kí ló dé tí mo ń wo òun bí ẹni tó rí òkú. Mo ní kò sí nǹkan kan, mo ní kó máa jẹun. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ṣé mo lè dákẹ́? Mo lè dákẹ́. Abọ́ tuntun wà lẹ́nu ààwẹ̀, ilà máa pòórá, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n mi á gba oògùn lóṣù tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi mí léèrè. Ṣùgbọ́n oògùn tí kì í ṣiṣẹ́ lára ẹni tó jẹun, kí ni mo fẹ́ fi í ṣe fún ẹni tó lè jẹ odindi búrẹ́dì kan tán nídìí ẹ̀rọ?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pín abọ́ sí ọ̀nà méjì. Ìdajì gbààwẹ̀. Ìdajì yòókù, mo pe Aláàánú sí i.

“Fún wọn lóúnjẹ,” mo ní. “Bí o ṣe máa ń ṣe é. Má ṣahun.”

Ó wojú mi bóyá mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A ṣe é, a tún un ṣe, a tún tún un ṣe. Lára àwọn tó gbààwẹ̀, ilà pòórá. Lára àwọn tó jẹun, ilà dúdú bí ìdí ìkòkò. Oògùn náà ti ti ilẹ̀kùn iwájú pa lóòótọ́, kò purọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nínú oúnjẹ ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ń bá ìránṣẹ́ kejì sọ̀rọ̀ tààrà, ìránṣẹ́ kejì sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀nà kan ò wọjà, jẹjẹrẹ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún. Mo kó àwọn fọ́tò mi, mo lọ sí ọ́fíìsì Ẹ̀rí-Dà. Dókítà àgbà láti ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wo aago bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀, mo sì sọ ìdí rẹ̀ láti orí dé ìdí, ti Aláàánú àti ti ẹyin díndín.

“Ẹ̀rí dà?” ni ọ̀gá wa wí.

Mo tẹ́ àwọn fọ́tò náà síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó fà wọ́n mọ́ra, ó ń wò wọ́n. Dókítà àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Àwọn obìnrin yìí ń dúró,” ó ní. “Àwọn kan nínú wọn ò lè dúró pẹ́.”

“Mo mọ̀, mà,” mo ní. “Ọ̀kan nínú wọn ló tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún wọn báyìí, ilẹ̀kùn kan lẹ máa tì nínú ilé onílẹ̀kùn méjì. Mo ti rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ fún mi láyè, màá tì í.”

Dókítà àgbà gbàgbé aago rẹ̀. Ó ní ṣé mo mọ ohun tí mò ń béèrè. Mo ní mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó wo Ẹ̀rí-Dà, Ẹ̀rí-Dà mi orí, wọ́n sì sún un síwájú láìdá ọjọ́.

Àtisọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ló le. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ, ó ń rán etí kọ́tìnì gígùn kan tó ti pálọ̀ dé yàrá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò gbójú sókè. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó ṣì ń wa ẹ̀rọ, ó ń wà á kíkankíkan ju bí iṣẹ́ náà ṣe fẹ́ lọ. Inú ń bí i. Mo mọ ìbínú rẹ̀ láti kékeré, kì í pariwo, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń yá.

“Ò bá ti dákẹ́ jẹ́ẹ́,” ó ní níkẹyìn.

“Bí mo bá dákẹ́, ẹ máa gba oògùn, ẹ máa rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Èmi á sì máa wò yín.”

“Ṣé o máa rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn tì?”

“Màá tì í, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Ó já òwú. Ó ní kí n dìde lórí kọ́tìnì oníkọ́tìnì, kí n máa lọ síbi iṣẹ́, kí ni mò ń wá nílé òun lọ́sàn-án gangan. Mo sunkún nínú mọ́tò kí n tó ṣíná sí i. Ohun tí mo sọ dá mi lójú, ó sì tún dùn mí wọra.

Láti ọjọ́ yẹn, ààwẹ̀ dópin lórí tábìlì mi. Mo fi Aláàánú joyè olóúnjẹ àgbà, ó sì ń ṣe é tayọ̀tayọ̀, pẹ̀lú sípíríìtì rẹ̀ lọ́wọ́. A kó gbogbo oògùn tó lè ti ẹ̀yìnkùlé jọ, a ń dán wọn wò pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ò ṣe nǹkan kan. Àwọn kan pa jẹjẹrẹ, wọ́n pa sẹ́ẹ̀lì tó dára mọ́ ọn, a kó wọn sẹ́yìn. Èyí tó wá ṣiṣẹ́ kì í ṣe tuntun rárá. Oògùn àtijọ́ kan ni, tí wọ́n ti ń fi tọ́jú àìsàn mìíràn tipẹ́, tí gbogbo dókítà ti mọ ìwà rẹ̀. Mo fi òun àti tuntun sínú abọ́ tó ti jẹun yó. Ilà náà kọ́kọ́ tín-ín-rín. Nígbà tí mo fi kún un díẹ̀, ó pòórá. Mo tún un ṣe, ó pòórá. Mo ní kí Aláàánú dá a ṣe lẹ́yìn mi, ó pòórá. Mo gbé e lọ fún Ẹ̀rí-Dà, ó wò ó, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tí kò béèrè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kókó abíyá ẹ̀gbọ́n mi ti tó bọ́tìnì ẹ̀wù òtútù. Ìdúró ló fà á, mi ò ní fi bò. Ó jókòó sórí àga gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti kọ́kọ́ bẹnu àtẹ́ lu kọ́tìnì wọ́ọ̀dù, ó ní ẹni tó rán an ò wọn fèrèsé. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ti jẹun kó tó máa bọ̀.

“Mo jẹun yó,” ẹ̀gbọ́n mi ní. “Ẹ wo àbúrò mi tó dúró sọ́hùn-ún yẹn. Òun ló dá gbogbo wa dúró títí oògùn fi mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó yó gbé.”

Nọ́ọ̀sì rò pé àpárá ni. Ó bá a rẹ́rìn-ín, ó sì rí iṣan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó gba oògùn náà fún ìgbà pípẹ́ kó tó pè mí pé kí n yà sílé òun. Mo rò pé ó fẹ́ kí n bá òun gbé kọ́tìnì ni. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ. Mo kí i. Ó gbé apá sókè, ó mú ọwọ́ mi, ó fi í sí abíyá rẹ̀. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà, wọ́n ti yà á ní fọ́tò, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ tí kì í ṣèké lòun fẹ́. Mo wá kókó náà. Mo wá a níbi tí mo mọ̀ ọ́n sí, mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀, bí èèyàn ṣe ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú aṣọ.

“Ṣé o rí i?” ó bi mí.

“Mi ò rí i.”

“Tún un wá dáadáa.”

Mo tún un wá. Omijé ti ń bọ́ lójú mi, mi ò nù ún, torí ọwọ́ mi ò ráyè. Ẹ̀gbọ́n mi sọ apá rẹ̀ kalẹ̀ lé ọwọ́ mi, ó há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú u sílẹ̀, ó fa kọ́tìnì rẹ̀ mọ́ra, ó ní ebi ń pa òun, kí n lọ gé búrẹ́dì wá.